Ta ló ń sọ fún ọkàn pé òsì ni kó lọ? Ti àbúrò mi wà ní ọ̀tún

Àbẹ̀kẹ́_Òkèfìà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ wọ ilé-ìwé gíga, wọ́n ní kó lọ ya àwòrán àyà bí gbogbo ọmọ tuntun ṣe ń yà á. A lọ sí ibì kan níbí ní Ọ̀ṣogbo. Ẹni tó yà á gbé fíìmù náà sókè, ó yí i padà, ó tún yí i padà, ó ní ó jọ pé àwọn fi sódì, kí á jókòó. Ó tún un yà. Ibi tí ọkàn wà lẹ́ẹ̀kíní náà ló tún wà: apá ọ̀tún. Dókítà tó kà á fún wa ní kí á ya inú ikùn pẹ̀lú, ló bá hàn pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wà ní òsì, àpòlúkù rẹ̀ sì wà ní ọ̀tún. Gbogbo rẹ̀ ló yí padà pátá. Dókítà ní kò sóhun tó ń ṣe é, kó máa bá ilé-ìwé rẹ̀ lọ.

Ara ọmọ yìí le koko, bọ́ọ̀lù ló ń gbá títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àmọ́ ilé wa ò rójú. Màámá ń bi ara wọn pé kí ni àwọn jẹ nígbà tí àwọn lóyún rẹ̀. Àǹtí kan ládùúgbò sì ti ní ọwọ́ ayé wà ńbẹ̀. Ohun tí èmi fẹ́ mọ̀ ni bí ọmọ inú oyún ṣe ń mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún gan-an. Ta ló ń sọ fún ọkàn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má júwe babaláwo tàbí wòlíì fún mi, mi ò béèrè.

ỌmọÌyáAlákàrà

Tí wọ́n bá ń ka ẹ̀jẹ́ orílẹ̀-èdè, ibo ni bọ̀dá yìí fẹ́ máa gbé ọwọ́ lé? 😂 Ẹ má bínú o, ẹ bá wa kí màámá. Mo jókòó tì yín, mo fẹ́ gbọ́.

AyàwòránInú

Àbẹ̀kẹ́, ẹ fi màámá lọ́kàn balẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya irú àwòrán yìí (ibi tí ẹ lọ kọ́ ni mo wà o), mo sì ti rí i rí. Tí gbogbo ẹ̀yà inú bá yí padà láìku ẹyọ kan, situs inversus là ń pè é. Nǹkan bí ẹnì kan nínú 10,000 ló rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni kì í sì í mọ̀ títí wọ́n á fi darúgbó. Láti ọdún 1788 ni Matthew Baillie, dókítà ará Scotland, ti kọ nípa òkú ọkùnrin kan tí wọ́n là, tí wọ́n rí i pé inú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ látòkè délẹ̀. Ọkùnrin yẹn ti dàgbà dáadáa kó tó kú.

Ẹni tó tún àwòrán yà ṣe ohun tó yẹ. Létà R tí a ń lẹ̀ mọ́ fíìmù la fi ń mọ ọ̀tún. Afẹ́fẹ́ inú àpòlúkù máa ń hàn dúdú lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró òsì. Tí létà bá wà níbi tó yẹ, tí dúdú yẹn wá bọ́ sábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, a jẹ́ pé fíìmù ò yí, èèyàn ló yí.

Kí àbúrò yín kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan, kó máa gbé e kiri. Bí àpẹ́ńdíìsì bá mú un lọ́jọ́ kan, ìsàlẹ̀ ikùn lápá òsì ni yóò ti dùn ún, dókítà tí kò mọ̀ á sì máa wá nǹkan mìíràn kiri. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ECG (àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù) fún un, kó sọ pé kí wọ́n lẹ àwọn wáyà àyà sí ọ̀tún. Bí kò bá sọ, wọ́n á rò pé wáyà ọwọ́ ni wọ́n fi sódì.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú oyún, mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún OnímọỌlẹ̀. Mo mọ̀ pé òru ló máa ń wọlé.

OnímọỌlẹ̀

Mo ti dé. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

Orí àti ìdí, ẹ̀yìn àti ikùn, ọlẹ̀ (ọmọ inú oyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá) ti máa ń ní àwọn wọ̀nyí kó tó kan ọ̀tún àti òsì. Ọ̀tún àti òsì ló le jù, torí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rí bákan náà, jíìnì kan náà ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì wọn, kò sì sí ohunkóhun níta tó lè nàka sí ẹ̀gbẹ́ kan pé ìwọ ni òsì.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí oyún dúró, ọlẹ̀ ṣì pẹlẹbẹ. Kò tíì ní ọkàn tó ń lù, kò tíì ní ìfun. Láàárín rẹ̀, kòtò kékeré kan máa ń yọ, omi á wà nínú rẹ̀. Node ni wọ́n ń pè é. Lára eku ni wọ́n ti wò ó dáadáa jù. Nǹkan bí sẹ́ẹ̀lì 200 sí 300 ló tẹ́ ilẹ̀ kòtò yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní irun tíńtín kan ṣoṣo tó yọ sínú omi. Irun yìí ni sílíà. Ó ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, nǹkan bí ìgbà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo wọn ló sì fì díẹ̀ sí apá ìdí ọlẹ̀. Nítorí fífì yẹn, omi inú kòtò ń ṣàn gba ọ̀nà kan ṣoṣo: òsì.

Ní etí kòtò, àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn wà tí irun tiwọn kì í yí. Wọ́n kàn dúró, wọ́n ń fura ni. Àwọn tó wà létí òsì máa ń mọ̀ ọ́n lára pé omi ń bọ̀, kálísíọ̀mù á sì ru sókè nínú wọn. Purotéènì kan wà létí kòtò yìí tó ń jẹ́ Cerl2, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa dènà purotéènì mìíràn tó ń jẹ́ Nodal. Ní òsì tí omi ń gbá, mRNA Cerl2 (iṣẹ́ tí jíìnì rán pé kí wọ́n ṣe é) á jẹrà, Cerl2 á dín kù, Nodal á ráyè. Ní ọ̀tún, Cerl2 ṣì pọ̀, Nodal ò lè mira.

Ẹ mú orúkọ Nodal dání. Ó máa ń kúrò létí kòtò lọ sí ara ọlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ó sì ní ìwà kan: ibi tó bá dé, ó ń mú kí wọ́n ṣe Nodal sí i. Tí kò bá sẹ́ni tó dá a lẹ́kun, gbogbo ara ni yóò gbà. Àmọ́ Nodal yìí kan náà ló ń jí ọ̀tá ara rẹ̀ dìde. Lefty lorúkọ ìyẹn. Lefty yára rìn ju Nodal lọ, ó sì máa ń wà ní àárín gbùngbùn ọlẹ̀, kí ohun tí wọ́n sọ ní òsì má sọdá sí ọ̀tún. Ní 1998 àwọn ará Japan yọ Lefty1 kúrò lára eku. Nodal sọdá, ọ̀tún náà ń hùwà bí òsì, ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì wá rí bíi ti òsì.

Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, kò sẹ́ni tó sọ ohunkóhun fún ọkàn. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni wọ́n sọ fún pé òun ni òsì, ọkàn sì wá ń mọ ara rẹ̀ láàárín ẹ̀gbẹ́ méjì tí kò dọ́gba mọ́.

Ti màámá: kò sí oúnjẹ kankan tí wọ́n mọ̀ tó ń yí ọmọ padà bẹ́ẹ̀. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, ọ̀pọ̀ obìnrin ni kò tíì mọ̀ pé òun lóyún. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa ń rán àwọn abiyamọ létí ni àtọ̀gbẹ: ẹni tó bá ní in kí oyún tó dúró, kó tọ́jú rẹ̀ dáadáa, torí ó lè dá kún àléébù ọkàn ọmọ, kódà kó da ètò ọ̀tún àti òsì rú. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù dilẹ̀ ṣú? Kí màámá sinmi.

Olùkọ́_Báọ́lọ́jì

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ibì kan ò tíì wọ̀ mí létí. Ohun tó bá ń yí lójú kan, ó yẹ kí omi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà máa yí ni. Báwo ló ṣe wá ń ṣàn lọ sí ọ̀nà kan? Àwọn ọmọ SS3 mi á bi mí, mi ò sì fẹ́ dúró bí ère níwájú wọn.

OnímọỌlẹ̀

Ẹni tó bá ti ro àmàlà rí ti mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Ẹ dá ọmọorogùn dùbúlẹ̀ díẹ̀ nínú ìkòkò, kí ẹ wá máa yí i. Nígbà tó bá ń gba ìsàlẹ̀ kọjá, ìdí ìkòkò ló ń ha, ohun tó ń gbé lọ ò tó nǹkan. Nígbà tó bá ń gba òkè padà, ó ń gbá àmàlà lọ gidi. Bí sílíà tó fì sí ìdí ọlẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn: tó bá ń lọ sí ọ̀tún, ó sún mọ́ ilẹ̀ kòtò, omi tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ kì í sì í gbéra. Tó bá ń bọ̀ sí òsì, ó nàró, ó ń gbá omi. Tí ẹ bá ṣírò lílọ àti bíbọ̀, òsì ló jèrè.

Bí nǹkan bá kéré tó báyìí, omi máa ń ṣe bí ohun tó nípọn. Kò sí pé wọ́n tì í tó wá ń lọ fúnra rẹ̀. Tí sílíà bá dáwọ́ dúró, omi dúró lójú ẹsẹ̀.

Àwọn ọmọ yín á tún bi yín pé ta ló ní kó yí gba ọwọ́ aago. Ìrísí mọ́tò inú rẹ̀ ni. Dynein ni mọ́tò yẹn, purotéènì ni, ásíìdì amínò tí ara wa fi ń kọ́ purotéènì sì máa ń ní irú òsì tàbí irú ọ̀tún bí ọwọ́ wa, irú ọwọ́ kan náà sì ni gbogbo wọn, àfi glycine tí kò ní ọwọ́. Ibi tí sílíà fì sí ńkọ́? Orí àti ìdí ọlẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló pinnu ìyẹn. Ẹ wá fi méjèèjì pọ̀, òsì ti dé nìyẹn láìsí ẹni tó pàṣẹ rẹ̀. Fún èmi o, ibí yìí ló dùn jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ nípa ọlẹ̀.

Àgbà_ỌláÌyá

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, Ọlọ́run ló ń mọ ọmọ nínú ìyá rẹ̀. Ta ló wọ inú ilé ọmọ lọ wo omi tó ń ṣàn sí òsì? Ìwé òyìnbó ti pọ̀ lágbárí yín jù.

OnímọỌlẹ̀

Ẹ kú àgbà, sà. Mi ò bá yín jiyàn lórí ẹni tó dá a. Bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ni mo lè sọ.

Lọ́dún 1959 wọ́n kọ nípa irú eku kan tí wọ́n ń pè ní iv. Nínú àwọn tó jogún àléébù yẹn lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, inú ìdajì yí padà, inú ìdajì dára. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ọdún. Ní 1997 wọ́n rí jíìnì tó bàjẹ́: ti dynein ni, mọ́tò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Nonaka, Hirokawa àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Tokyo fi ẹ̀rọ awò wo kòtò ara ọlẹ̀ eku láàyè, wọ́n rí sílíà tó ń yí, wọ́n rí omi tó ń lọ sí òsì. Àwọn eku tí wọ́n yọ jíìnì KIF3B lára wọn, sílíà ò hù nínú kòtò wọn rárá, omi ò ṣàn, ọkàn wọn sì ń yà síbi tó bá wù ú.

Ẹ lè ní sílíà lè máa yí kó má jẹ́ òun ló fa nǹkan kan. Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ní 2002 wọ́n gbé ọlẹ̀ eku sínú omi tí wọ́n lè fúnra wọn darí. Wọ́n fi ẹ̀rọ ti omi náà sí ọ̀tún, wọ́n ju agbára sílíà lọ. Àwọn ọlẹ̀ tí kò ní àléébù kankan, inú wọn yí padà. Wọ́n ti omi sí òsì fún àwọn iv tí sílíà wọn ò lè yí, inú tiwọn wá tọ́. Omi lásán ni wọ́n fi ṣe é, sà. Nígbà tó yá, ní 2012, wọ́n tún rí i pé sílíà méjì péré tó bá ń yí ti tó fún eku láti mọ òsì.

Àgbà_ỌláÌyá

Ó dáa, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìdajì tí o sọ yẹn ló ń yà mí lẹ́nu. Tí nǹkan bá bàjẹ́, ṣé kò yẹ kí gbogbo wọn yí padà?

OnímọỌlẹ̀

Ẹ ti fọwọ́ kan ibi tó ṣe pàtàkì jù, bàbá. Tí omi ò bá ṣàn, ọlẹ̀ ò gba iṣẹ́ kankan, ì báà jẹ́ ti òsì, ì báà jẹ́ ti ọ̀tún. Àmọ́ ọkàn gbọ́dọ̀ yà síbì kan, kò lè dúró gbọọrọ. Nodal tó bá kọ́kọ́ ṣẹ́gun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ló ń gbà á, ó sì di ìdajì-ìdajì. Ẹni tó jogún àléébù sílíà tí ọkàn rẹ̀ wà ní òsì wà níbẹ̀ nípa oríire ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ti ẹ̀ wà ní ọ̀tún, àléébù kan náà ló jọ ní wọn. Torí náà kò sí jíìnì tí wọ́n kọ "ọkàn, lọ sí òsì" sí lára. Èyí tó wà ni jíìnì tó ń jẹ́ kí òsì àti ọ̀tún ṣeé yàn.

Eku kan wà ṣá, inv, tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ní 1993, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló ń yí padà. Ìyẹn ṣì ń da àwọn onímọ̀ láàmú.

ỌmọÌyáAlákàrà

Bàbá ti gba ìwé òyìnbó o 😂😂

Àgbà_ỌláÌyá

Mo ní mo gbọ́. Mi ò ní mo gbà.

Ìyá_Ìbejì_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun

Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní ìbéèrè. Kẹ́hìndé mi, òsì ló fi ń jẹun, òsì ló fi ń kọ̀wé. Táyé ń lo ọ̀tún. Màmá ọkọ mi ti fi ọwọ́ lu ọwọ́ òsì yẹn títí ó fi sú wọn. Ṣé ọ̀rọ̀ sílíà náà nìyí? Ṣé kí n gbé e lọ fún àwòrán ni?

AyàwòránInú

Ẹ má gbé e lọ síbì kankan, Ìyá Ìbejì. Àwọn tí inú wọn yí padà, ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ń lò bíi ti gbogbo èèyàn. Ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà yan ọwọ́ yàtọ̀ sí ọ̀nà tí ọkàn ń gbà yan ẹ̀gbẹ́. Ẹ bá wa bẹ ìyá àgbà pé kí wọ́n fi ọwọ́ ọmọ sílẹ̀.

OnímọỌlẹ̀

Bẹ́ẹ̀ ni o. Ọ̀pọ̀ ìbejì ilẹ̀ Yorùbá sì jẹ́ ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kálukú ní kòtò tirẹ̀, kálukú ní omi tirẹ̀.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an ni ìbejì tó lẹ̀ pọ̀. Nínú àwọn tó lẹ̀ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́-lẹ́gbẹ̀ẹ́, ti ọwọ́ ọ̀tún ni inú rẹ̀ sábà máa ń yí padà. Hans Spemann, ará Jámánì, ti rí ohun tó jọ ọ́ láti 1919, òun àti Falkenberg. Ó fi irun ọmọ ọwọ́ so ẹyin ẹranko newt kan tó jọ aláǹgbá olómi, ó so ó há láàárín títí tó fi di ọlẹ̀ méjì. Ọlẹ̀ apá òsì dára. Ti apá ọ̀tún, inú púpọ̀ nínú wọn yí padà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n tó lo ẹyin adìẹ ṣàlàyé pé àmì tó ń jáde lára ọ̀kan lè sọdá lọ da ti èkejì rú.

Olùkọ́_Báọ́lọ́jì

Ẹ̀gbọ́n dárúkọ adìẹ, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí ibẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ lọ bá ẹni tó ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin kó tà fún yín (ẹyin tí wọ́n ń tà lójà kì í sábà ní ọlẹ̀). Ní ìparí ọjọ́ kejì nínú ẹ̀rọ, ẹ dá a dùbúlẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí ẹ rọra ṣí èèpo rẹ̀ lókè. Lórí pupa ẹyin ẹ máa rí ọlẹ̀ tó rí bí okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́, ọkàn rẹ̀ ń lù lójú yín. Ẹ fi awò ọwọ́ wò ó dáadáa: ọkàn yẹn ti tẹ̀ kọrọdọ, ìtẹ̀ náà sì yọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọlẹ̀. Ti èèyàn náà kọ́kọ́ ń tẹ̀ sí ọ̀tún bẹ́ẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kí ṣóńṣó rẹ̀ tó wá kọjú sí òsì.

Ẹ wá gbọ́ èyí: adìẹ kì í lo omi. Wọn ò rí omi tó ń ṣàn nínú kòtò tirẹ̀. Ní 2009 wọ́n rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì etí kòtò fúnra wọn ló ń rìn lọ sí òsì, tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò fi ní dọ́gba mọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ náà kì í lo omi. Ẹja kékeré zebrafish àti àkèré ń lò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yòówù kí wọ́n gbà wọlé, Nodal ní òsì ni gbogbo wọn ń bá pàdé. Adìẹ náà sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i: ní 1995 ni Levin, Tabin àti àwọn ẹgbẹ́ wọn fi hàn pé jíìnì kan tó ń jẹ́ Sonic hedgehog ń ṣiṣẹ́ ní òsì kòtò nìkan, kó tó di pé ọkàn tẹ̀ rárá.

ỌmọÌyáAlákàrà

Ìgbín ńkọ́? Òun tó lọ́ yí ara rẹ̀ pátápátá.

Olùkọ́_Báọ́lọ́jì

Ọ̀rọ̀ gidi lo sọ. Mú ìgbín wa kan, gbé ṣóńṣó ìkarawun rẹ̀ sókè, kọ ẹnu rẹ̀ sí ara rẹ. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ ni ẹnu náà máa wà. Ìgbín inú omi kan wà ní Yúróòpù, Lymnaea, tí púpọ̀ nínú wọn lọ́ sí ọ̀tún, tí díẹ̀ sì lọ́ sí òsì. Jíìnì ìyá ló ń pinnu bí ọmọ ṣe máa lọ́. Ti ọmọ fúnra rẹ̀ ò já mọ́ nǹkan kan, àfi tó bá di ìyá, ló tó máa hàn lára ọmọ tirẹ̀. 1923 ni wọ́n ti ṣàlàyé ìyẹn. Ní 2019 àwọn ará Japan gé jíìnì Lsdia1 nínú rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wá lọ́ sí òsì. Láti ìgbà tí ẹyin ti ń pín sí sẹ́ẹ̀lì bíi mélòó kan ló ti ń hàn, kò tíì sí sílíà kankan níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Òkèfìà

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo ka ti OnímọỌlẹ̀ sókè fún màámá. Wọ́n ní kí n bi yín: ṣé ó lè bímọ? Ṣé nǹkan kan wà tó yẹ ká máa ṣọ́?

OnímọỌlẹ̀

Mi ò rí ọmọ náà, dókítà tó rí i ló ni í sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí dókítà á máa rò.

Sílíà ò sí nínú kòtò yẹn nìkan. Ó wà nínú imú, inú ọ̀nà afẹ́fẹ́, òun ló ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Ìrù àtọ̀ ọkùnrin náà, irú rẹ̀ ni. Ní 1933 dókítà Kartagener ní Switzerland kọ nípa àwọn tí inú wọn yí padà, tí ikọ́ oníkẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti kàtá kì í sì í fi sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, títí di 1976 tí Afzelius ní Sweden fi rí i pé sílíà wọn ò lè mira. Nínú àwọn tó ní àìsàn sílíà yìí, nǹkan bí ìdajì ni inú wọn yí padà. Ìdajì yẹn náà nìyẹn, bàbá ỌláÌyá. Ọ̀nà tí SS ń gbà wọlé láti ara AS méjì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gbà: bàbá ní ẹyọ kan, ìyá ní ẹyọ kan, ara àwọn méjèèjì le.

Torí náà ìbéèrè tí ẹ máa bi ara yín ni pé: ṣé ikọ́ rẹ̀ kì í lọ láti kékeré? Ṣé kàtá kì í fi sílẹ̀? Ṣé etí ń yọ ọ́ lẹ́nu ṣáá? Bí kò bá sí ọ̀kankan níbẹ̀, ó jọ pé sílíà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ìdí kankan tí kò fi ní bímọ. Bí wọ́n bá wà, ẹ sọ fún dókítà, torí wọ́n lè tọ́jú àyà rẹ̀ kó tó bàjẹ́.

Èyí tó léwu jù ni kí inú yí padà láàbọ̀: ọkàn síbí, ẹ̀dọ̀ láàárín, spleen (ẹ̀yà inú kan tó máa ń wà lápá òsì ikùn) kó má sí tàbí kó pọ̀ yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ọkàn irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní àléébù ńlá láti ìbí. Jíìnì kan tó ń fà á, ZIC3, orí krómósómù X ló wà, 1997 ni wọ́n mọ̀ ọ́n, ìdí sì nìyẹn tó fi ń mú àwọn ọmọkùnrin jù. Ti àbúrò yín yí padà tán pátá, ó sì wà létòlétò. Ó sàn ju kó yí láàbọ̀ lọ.

Ẹlẹ́rìí_Ìwé

OnímọỌlẹ̀, ẹ fi nǹkan kan sílẹ̀. Àwọn kan ní omi yẹn ń ru nǹkan lọ sí òsì ni. Ní 2005 àwọn ará Tokyo náà kọ pé àwọn ẹrù kékeré ń léfòó lọ sí òsì nínú kòtò. Ẹ sọ ọ́ bíi pé sísún nìkan ni omi ń sún irun.

OnímọỌlẹ̀

Mo mọ̀ nípa rẹ̀. Ọdún pípẹ́ ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tó mú mi yà sí ẹ̀yìn sísún ni iṣẹ́ méjì tó jáde ní 2023, ọ̀kan lára eku, èkejì lára zebrafish. Wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ lésà mú sílíà etí kòtò kan ṣoṣo, wọ́n ń mì ín. Kálísíọ̀mù ru sókè nínú sẹ́ẹ̀lì yẹn, láìsí omi tó gbé ẹrù kankan wá. Ní ti zebrafish, wọ́n mi sílíà lápá ọ̀tún, inú ẹja náà yí padà. Pkd2, ihò tí kálísíọ̀mù ń gbà wọlé, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Ó ṣì lè jẹ́ pé ẹrù wà, ṣùgbọ́n sísún nìkan ti tó.

Ẹlẹ́rìí_Ìwé

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, mo ṣì ní ọ̀kan. Nodal kì í pẹ́ nílẹ̀, wákàtí díẹ̀ ló fi ń wà kó tó pòórá. Ìfun ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yí nígbà yẹn. Ta ló ń bá a rántí?

OnímọỌlẹ̀

Pitx2 ni, purotéènì mìíràn. Nodal ló ń jí i ní òsì, ṣùgbọ́n nígbà tí Nodal bá lọ, Pitx2 kì í lọ. Inú sẹ́ẹ̀lì òsì ló ń jókòó sí, ó ń tan àwọn jíìnì mìíràn.

Ti ìfun ni mo fẹ́ràn jù, lára adìẹ ni wọ́n ti rí i ní 2008. Ìfun kọ́kọ́ ń rọ̀ gbọọrọ láàárín ikùn, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló fi so mọ́ ẹ̀yìn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ yẹn lápá òsì, níbi tí Pitx2 wà, á ga, wọ́n á há mọ́ra. Àwọn ti ọ̀tún á pẹlẹbẹ, wọ́n á jìnnà síra. Ẹ̀gbẹ́ kan wá kúrú ju èkejì lọ, awọ náà á fì, ìfun á sì fì tẹ̀ lé e sí òsì. Bí yíyí rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nínú èèyàn, kó tó parí, yóò ti yí tó ìwọ̀n 270 lódìkejì ọwọ́ aago, àpẹ́ńdíìsì á sì balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọ̀tún. Tàbí sí ìsàlẹ̀ òsì, tó bá jẹ́ ti àbúrò Àbẹ̀kẹ́.